Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Ike Kó Tó Kán

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ike ṣe ń tẹ̀, bó ṣe ń fà, bó ṣe ń kán, àti ohun tí máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti jẹ́ ká mọ̀ nípa rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo yàn láàyò ni wọ́n bi mí léèrè yẹn.

Kò sí ẹni tó wà níbí tí kò tíì rí àga oníke tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀. Àga náà lè jẹ́ búlúù, ó lè pupa, ó lè jẹ́ aláwọ̀ ewé; ibi tó ti tẹ̀ á funfun. Ẹ fi èékánná họ ibẹ̀, kò ní bọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò ní lọ. Ẹ wá mú ife ike tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń pín ohun mímu lóde àríyá, kí ẹ tẹ òun náà wò. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti ṣẹ́ pàà. Ike ni méjèèjì. Kí ló dé tí ọ̀kan fi ń funfun kó tó kán, tí èkejì kì í sì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni?

Èsì ọ̀rọ̀ náà kò gùn, àmọ́ ó pẹ́ kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ibi tó funfun yẹn, ike ti ń sán níbẹ̀. Ìsán náà pọ̀ rẹpẹtẹ, ó sì kéré débi tí ojú kò fi lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Sísán tó ń sán káàkiri yẹn gan-an ni kò jẹ́ kó tètè kán. Ike tí kò bá lè sán díẹ̀díẹ̀ níbi púpọ̀, ibì kan ṣoṣo ni yóò gbà kán, lójijì. Ohun tí mo wá sọ lónìí nìyẹn, gbogbo àlàyé yòókù, orí rẹ̀ ló dúró lé.

Ojú lásán kò lè rí ìsán wọ̀nyí, máíkírósíkóòpù tó ń lo ìmọ́lẹ̀, irú èyí tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì lè fi inú wọn hàn wá. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, ìgbì náà sì ní gígùn tirẹ̀. Ní 1873, Ernst Abbe, ní ìlú Jena lórílẹ̀-èdè Jámánì, ṣàlàyé pé bí àyè tó wà láàárín ohun méjì bá kéré ju nǹkan bí ìdajì gígùn ìgbì yẹn lọ, ìmọ́lẹ̀ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Nǹkan bí 200 nánómítà ni ààlà náà, ìyẹn mìlímítà kan tí a pín sí ọ̀nà 5,000. Bó ti wù kí dígí ẹ̀rọ náà dára tó, kò lè kọjá ibẹ̀.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà a máa hùwà ìgbì, àmọ́ bí a bá fi 100,000 fóòtì lé e sáré, gígùn ìgbì rẹ̀ kì í tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nánómítà kan. Ní 1931, ní Berlin, Ernst Ruska àti Max Knoll fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ṣe fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ohun tí dígí ń ṣe fún ìmọ́lẹ̀: wọ́n darí rẹ̀, wọ́n kó o jọ, wọ́n sì fi ya àwòrán. Ọdún 1986 ni Ruska tó gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yẹn; Knoll ti kú nígbà náà. Nínú ẹ̀rọ tiwọn, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń la inú ohun tí à ń wò kọjá ni, nítorí náà ohun náà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ gidigidi. Irú kejì dé lẹ́yìn náà. Charles Oatley àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Cambridge bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 1948, ó sì dé ọjà ní 1965 pẹ̀lú orúkọ Stereoscan. Èyí kì í la inú ohunkóhun kọjá. Ńṣe ló ń fi ìtànṣán tín-ín-rín rìn lórí ohun náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ìlà tẹ̀ lé ìlà, tó sì ń ka àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń ta jáde níbẹ̀. Ojú ibi tí nǹkan ti kán, pẹ̀lú gbogbo òkè àti kòtò rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n wò tó o.

Irin rọrùn fún àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, ike kò rọrùn rárá. Iná kì í gba inú ike kọjá, ìdí tí a fi ń fi í bo wáyà nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bá bà lé e á jókòó síbẹ̀, wọ́n á pọ̀ jọ, wọ́n á sì máa ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwòrán á máa mì, apá kan á mọ́lẹ̀ rékọjá. Ohun tí à ń ṣe sí i ni pé a ó fi wúrà bò ó, wúrà tí kò nípọn ju nǹkan bí nánómítà mẹ́wàá lọ, kí iná lè rí ọ̀nà sá lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ irú àkọ́kọ́ la fẹ́ lò, a ní láti gé ike náà kó fẹ́lẹ́ ju 100 nánómítà lọ. Ọ̀bẹ dáyámọ́ńdì la fi ń gé e, irú èyí tí Humberto Fernández-Morán, ọmọ ilẹ̀ Venezuela, gbé jáde ní àwọn ọdún 1950. Bí ègé bá ti ń kúrò lẹ́nu ọ̀bẹ ni yóò máa léfòó sórí omi tó wà nínú agbada kékeré lẹ́yìn ọ̀bẹ náà, àwọ̀ tó ń tàn lára rẹ̀ la sì fi ń mọ bó ṣe fẹ́lẹ́ tó. Àwọ̀ fàdákà dára. Àwọ̀ wúrà ti nípọn díẹ̀. Tó bá ti di àwọ̀ àlùkò, ẹ má wulẹ̀ gbé e sínú ẹ̀rọ.

Ìṣòro tó tún ju ìyẹn lọ wà níbẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a fi ń wo ike ń ba ike náà jẹ́. Nínú àwọn ike kan, ó ń já ẹ̀wọ̀n mólékù. Nínú àwọn mìíràn, ó ń so ẹ̀wọ̀n kan mọ́ èkejì níbi tí kò yẹ kí ìsopọ̀ wà. Ike Perspex tó wà lábẹ́ ìtànṣán á máa tín-ín-rín sí i níṣojú ẹni tó ń wò ó. Nítorí náà, onímọ̀ tó bá ń wo ike gbọ́dọ̀ yára, kó sì fi ìwọ̀n ba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń lò. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, torí àwọn kan wà tí wọ́n sọ ìbàjẹ́ yẹn di irinṣẹ́.

Àwọn àgbà wa ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní 1921, ní Farnborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Griffith fi ìṣirò àti dígí fi ohun tó fara jọ ìyẹn hàn. Ó ní kì í ṣe pé ohun tó so dígí pọ̀ kò lágbára. Àléébù kéékèèké ló wà lára rẹ̀, góńgó àléébù wọ̀nyẹn ni gbogbo agbára tó ń fa dígí náà ń rọ́ lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń là. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí bí nǹkan ṣe ń kán ló jẹ Griffith ní gbèsè ọpẹ́.

Àmọ́ dígí kò ní ẹ̀wọ̀n. Ike ní. Ní 1920, Hermann Staudinger, ọmọ Jámánì, sọ pé mólékù gígùn gbọọrọ ló wà nínú rọ́bà àti irú rẹ̀, tí ẹyọ kéékèèké lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún so kọ́ra wọn tẹ̀léra-tẹ̀léra. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà. Ọdún 1953 ni wọ́n tó fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹ̀wọ̀n wọ̀nyí kì í dá dúró. Wọ́n lọ́ mọ́ra, wọ́n kọ́ ara wọn lọ́rùn. Nínú polystyrene, ike ife tó mọ́ gaara yẹn, ẹ̀wọ̀n kan a máa gùn tó nǹkan bí ẹyọ 170 kó tó kan ibi tí òmíràn ti kọ́ ọ. Nínú polycarbonate, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àwo CD àti ìgò omi ńlá tí à ń dojú rẹ̀ dé orí ẹ̀rọ omi ní ọ́fíìsì, kò ju nǹkan bí ẹyọ mẹ́wàá lọ. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn. Ibi tí ìkọ́ra bá pọ̀ sí, ike kì í fẹ́ sán. Á yọ̀ lórí ara rẹ̀, á fà láìlanu. Ibi tí ìkọ́ra bá ṣọ̀wọ́n sí, sísán ló yá a lára.

Ẹ jẹ́ ká wá wo polystyrene, ìyẹn ike ife tó mọ́ gaara yẹn. Bí a ṣe ń fà á, ní góńgó àléébù kan, bóyá ibi tí eruku ti há sínú rẹ̀ tàbí ibi tí nǹkan ti ha á lójú, àyè kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín àwọn mólékù. Ẹ rántí ọbẹ̀ ilá. Bí èèyàn bá fi òkèlè bù ú, tó gbé ọwọ́ sókè, ilá á fà láàárín òkèlè àti abọ́, á pín sí okùn tín-ín-rín, àyè á sì wà láàárín okùn kan sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ike ń fà ní góńgó yẹn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti ilá á já, ti ike á máa le sí i bó ṣe ń fà sí i, nítorí pé àwọn ẹ̀wọ̀n tó kọ́ra wọn kò jẹ́ kó yọ́ lọ. Etí méjèèjì ti ya kúrò lára wọn, síbẹ̀ fọ́nrán ike ṣì dè wọ́n mọ́ra, ó sì ṣì ń gbé ẹrù. Ẹ jẹ́ kí n máa pe èyí ní ìsán onífọ́nrán, ká má fi í pe ìsán tó ti là tán. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kì í nípọn ju nánómítà 5 sí 15 lọ. Irun orí èèyàn nípọn tó nǹkan bí 70,000.

Ní àwọn ọdún 1960, Roger Kambour, ní ilé ìwádìí General Electric ní Amẹ́ríkà, fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nígbà tó bá wọnú ìsán yìí ṣe ìṣirò, ó sì rí i pé nínú polycarbonate, nǹkan bí ìdajì ohun tó wà níbẹ̀ ni ike, ìyókù jẹ́ àyè. Ìgbà yẹn ló hàn gbangba pé ohun tí ojú ń pè ní ojú sísán kì í ṣe ihò òfìfo.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Edward Kramer àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell, láti òpin àwọn ọdún 1970 lọ. Wọ́n mú àwọ̀n bàbà kékeré, tí ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà kan. Wọ́n ti yan bàbà náà nínú iná kó lè rọ̀. Wọ́n tẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, wọ́n jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n wá rọra na àwọ̀n náà. Bí bàbà bá ti nà, kò ní padà. Ó di ike tó wà lójú kọ̀ọ̀kan mú ní nínà tó nà án sí. Nítorí náà, ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan di ìdánwò kan fúnra rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi máíkírósíkóòpù onímọ́lẹ̀ wá ojú tí ìsán dáadáa bá wà, wọ́n á gé ojú yẹn nìkan jáde, wọ́n á sì gbé e sínú ẹ̀rọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ike náà ṣì wà nínú nínà rẹ̀. Bàbà àti sùúrù ni irinṣẹ́ wọn.

Ohun tí wọ́n fi wọ̀n ni òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán. Wọ́n wo bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe gba inú ìsán kọjá, wọ́n wo bó ṣe gba inú ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò tíì sán, wọ́n sì wo ibi tí ihò wà pátápátá. Mẹ́ta yìí ti tó láti mọ iye ike tó kù nínú ìsán. Nínú polystyrene, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ike tó di fọ́nrán ti nà tó ìlọ́po mẹ́rin gígùn rẹ̀, iye yẹn sì sún mọ́ ibi tí ẹ̀wọ̀n tó wà láàárín ìkọ́ra méjì lè nà dé kó tó gún tán. Ìlọ́po mẹ́rin! Ike kan náà tó ń ṣẹ́ pàà lọ́wọ́ wa, tí gbogbo ara rẹ̀ kì í sábà nà kọjá ìdá 2 tàbí 3 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó kán, òun ló nà tó báyìí nínú ìsán rẹ̀. Polystyrene mọ̀ ọ́n fà. Ibi tó ti ń fà ni kò pọ̀ tó. Ìsán díẹ̀ ló máa ń ní, ọ̀kan nínú wọn á tètè dàgbà ju àwọn yòókù lọ, fọ́nrán inú rẹ̀ á já, ó parí.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ohun tó yẹ ká wá ni bí ìsán ṣe máa pọ̀ sí i. Ó dùn mọ́ mi láti sọ pé àwọn oníṣẹ́ ike ti ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó lóye rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940 wọ́n ti ń po rọ́bà díẹ̀ mọ́ polystyrene, kì í ju ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ike tó ń ṣẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń fà ní ìlọ́po-ìlọ́po ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó kán. Òun ni wọ́n fi ń ṣe inú fíríìjì títí dòní. Kí ni rọ́bà yìí ń ṣe níbẹ̀? Ní 1956, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Merz, Claver àti Baer, dá a lábàá pé rọ́bà ló ń na ara rẹ̀ bí ike bá là, tó ń di ẹnu méjèèjì mú. Àbá tó mọ́gbọ́n dání ni, ṣùgbọ́n rọ́bà tó wà níbẹ̀ kéré jù láti ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn.

Ọdún 1965 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Bucknall àti Smith, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé ibi tí ike olórọ́bà ti ń funfun, ìsán onífọ́nrán lọ́pọ̀ yanturu ló wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí àkókò kan náà ni Kato, ní Japan, rí ọ̀nà tí a fi lè rí rọ́bà náà fúnra rẹ̀. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé lójú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, rọ́bà àti polystyrene kò yàtọ̀ síra. Kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ló pọ̀ lára méjèèjì. Kato lo osmium tetroxide, kẹ́míkà tí òórùn rẹ̀ lè ba ojú èèyàn jẹ́, tó máa ń so mọ́ irú ìdè kan tí ẹ̀wọ̀n rọ́bà ní tí ẹ̀wọ̀n polystyrene kò ní. Osmium wúwo, ibi tó bá so mọ́ á ṣú dúdú nínú àwòrán. Ó tún mú kí rọ́bà le, kí ọ̀bẹ lè gé e láìfà. Iṣẹ́ méjì ni kẹ́míkà kan ṣe.

Ẹ fojú inú wo àwòrán náà. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ eérú, òun ni polystyrene. Lórí rẹ̀ ni roboto-roboto rọ́bà wà káàkiri, tó dúdú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó máíkírómítà kan sí mélòó kan. Inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì dúdú tán: polystyrene kéékèèké tún wà nínú rẹ̀, rọ́bà wá ṣe àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí wọn ká. Ìdí nìyẹn tí rọ́bà díẹ̀ fi ń gba àyè púpọ̀. Bí wọ́n bá wá fa ike náà láti òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì roboto kọ̀ọ̀kan ni ìsán ti ń jáde, nítorí ibẹ̀ ni agbára pọ̀ jọ sí jù. Ìsán tó jáde lára roboto kan á lọ títí, á kan òmíràn, á dúró. Kò sí èyí tó ráyè dàgbà jù. Ọ̀kẹ́ àìmọye wọn ló ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà, àwọn fọ́nrán àti àyè àárín wọn sì ń tú ìmọ́lẹ̀ ká síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ tó tú ká yẹn ni ojú wa ń rí ní funfun. Nínú àga oníke, tó jẹ́ polypropylene, ihò kéékèèké ló pọ̀ níbẹ̀ ju fọ́nrán lọ, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni funfun rẹ̀ ń gbà wá.

Àwọn kan bi ìbéèrè tó tọ́: ṣé bí ike tó fẹ́lẹ́ tó 100 nánómítà ṣe ń sán ni ike tó nípọn gidi ṣe ń sán? Ó lè yàtọ̀, torí ohun fẹ́lẹ́ lè súnkì lójú rẹ̀ méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti fi gbogbo ọkàn ṣiṣẹ́ lórí èyí ni agbègbè Halle àti Merseburg ní Jámánì. Kò yà mí lẹ́nu, torí ilé iṣẹ́ kẹ́míkà Leuna àti ti rọ́bà àtọwọ́dá ní Schkopau kò jìnnà síbẹ̀. Heinz Bethge dá ibùdó máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ ní Halle nígbà tí Jámánì ṣì pín sí méjì. Ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Max Planck, ẹgbẹ́ ìwádìí ilẹ̀ Jámánì, fi ṣe ilé ìwádìí rẹ̀ kan ní 1992. Lásìkò yẹn, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń lo mílíọ̀nù kan fóòtì ní Halle. Pẹ̀lú agbára bẹ́ẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lè la ike tó nípọn tó máíkírómítà mélòó kan já. Goerg Michler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á de ike mọ́ ohun èlò kékeré tó ní ẹnu méjì, wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ, wọ́n á máa fà á níbẹ̀, wọ́n á sì máa wo bí ìsán ṣe ń dìde lára roboto kan tẹ̀ lé òmíràn.

Mo ní a ó padà sórí ìbàjẹ́ tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ṣe. Ní 1984, Henkee àti Kramer mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lu polystyrene kí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè so mọ́ra wọn. Bí wọ́n ṣe ń fi kún ìsopọ̀ náà ni ìsán ń dín kù, tí ike náà sì ń yọ̀ lórí ara rẹ̀ bí polycarbonate ti máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ìkọ́ra ẹ̀wọ̀n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìdánwò yìí fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ gbọin. Ohun tí gbogbo wa ń sá fún ni wọ́n fi rí òtítọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ojú ibi tí nǹkan ti kán, èyí tí ẹ̀rọ irú ti Oatley ń fi hàn. Ẹ mú abọ́ polypropylene kan tó kán nínú ilé lọ́sàn-án, kí ẹ mú irú rẹ̀ kan tó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan bó ṣe gbé e jáde nínú fíríìsà tó sì fọ́. Ti àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ rí jákujàku, fọ́nrán tó ti fà ló kún ibẹ̀, góńgó wọn sì tẹ̀ sí ọ̀nà tí abọ́ náà gbà ya. Ti èkejì tẹ́jú, ó mọ́, kò sí ohun tó fà níbẹ̀ rárá. Bí ìgbóná ara polypropylene bá ti lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 0 °C, àwọn mólékù rẹ̀ tí kò tò lẹ́sẹẹsẹ á le, wọn kò ní lè sún kiri mọ́. Abọ́ kan náà ni, kẹ́míkà kan náà ni. Ojú tó kán ló sọ bí ara rẹ̀ ti rí lọ́jọ́ náà.

Àwọn ohun tó ń gbé ẹrù tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lemọ́lemọ́, irú eyín ẹ̀rọ oníke, a máa kọ ìlà sójú ibi tó ti kán, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó rọrùn láti rò pé ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbà kan tó gbé ẹrù. Nígbà míì, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n Richard Hertzberg àti John Manson, ní Yunifásítì Lehigh, fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀ ike, ìsán onífọ́nrán ń dàgbà ní iwájú ìsán gidi fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà kó tó já lẹ́ẹ̀kan, tí ìlà kan ṣoṣo á sì dúró fún gbogbo ìgbà yẹn. Ẹni tó bá ka ìlà bí ẹni ka ọjọ́ níbẹ̀ yóò sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ó sì lè jẹ́ níwájú adájọ́.

Ọṣẹ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi polyethylene bo wáyà tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé ike náà ń sán níbi tó bá ti tẹ̀ tí ọṣẹ sì kàn án, bẹ́ẹ̀ ọṣẹ kì í yọ́ ike. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Bell gbé ìdánwò kan kalẹ̀: gé ọ̀pá ike pẹlẹbẹ, ha á lójú, tẹ̀ ẹ́, rì í sínú ọṣẹ olómi, kí o máa ṣọ́ ọ. Wọ́n ṣì ń lò ó dòní. Ohun tí ọṣẹ ń ṣe ni pé ó ń wọ àyè kéékèèké inú ìsán lọ, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n tètè yọ kúrò nínú ìkọ́ra wọn. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ fi ń tọ́jú ọṣẹ olómi tó sán ní igun ìsàlẹ̀, níbi tí ẹrù pọ̀ sí jù, láìjẹ́ pé ó ṣubú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ṣe é nìyẹn.

Oòrùn ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí n dákẹ́ nípa táńkì orí òrùlé àti àga ìta. Ìtànṣán oòrùn pẹ̀lú ọ́síjìn ń já ẹ̀wọ̀n mólékù, ojú ike ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Awọ òkè á le gbáú nígbà tí inú ṣì dára. Lábẹ́ ẹ̀rọ, ojú ike bẹ́ẹ̀ kún fún ìsán tó já síra wọn. Ìsán tó bẹ̀rẹ̀ nínú awọ líle yẹn kì í dúró síbẹ̀. Eré tó bá dé ni yóò bá wọnú ike tó ṣì lágbára lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po ẹ̀dú dúdú, nǹkan bí ìdá 2 sí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, mọ́ páìpù polyethylene dúdú: ẹ̀dú náà ń gba ìtànṣán mú kó tó dé ara ẹ̀wọ̀n.

Èyí tó kan àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣa ike ní Ìbàdàn àti Èkó gan-an ni àpòpọ̀. Ìgò ohun mímu jẹ́ PET, ìdérí rẹ̀ jẹ́ polyethylene tàbí polypropylene. Bí a bá yọ́ wọn pọ̀, wọn kì í wọra. Ẹ ṣẹ́ ike àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú náítírójìn olómi, ní -196 °C, kó má bàa fà, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀: bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń dán jókòó sínú ihò tó ń dán, kò sí ohun kankan tó so bọ́ọ̀lù mọ́ ihò. Àwọn ihò kan ti ṣófo, bọ́ọ̀lù inú wọn ti bá ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ike bẹ́ẹ̀ á kán níbi tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan bá wà. Bí wọ́n bá fi pólímà kẹta kún un, tí apá kan rẹ̀ bá PET mu tí apá kejì sì bá polyethylene mu, bọ́ọ̀lù á kéré sí i, fọ́nrán á yọ láàárín òun àti ihò rẹ̀. Ó ń dùn mí pé ike tí wọ́n fi òógùn ṣà ń pàdánù iye rẹ̀ nítorí ìdérí tí a lè yà sọ́tọ̀ láti ilé. Àwòrán kan péré tó ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni tó ń ra ike àlòkù láti mọ ohun tó ń rà.

Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín kí n tó gba ìbéèrè. Nígbà tí ike tó ṣe pàtàkì bá kán, yálà páìpù omi ilé ìwòsàn ni tàbí ohun èlò inú ọkọ̀, ẹ má ṣe so ojú méjèèjì pọ̀ láti wò bóyá wọ́n bára mu. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é, ìṣẹ́jú kan náà ló sì ń tẹ fọ́nrán tó ń sọ ìtàn náà rẹ́. Ẹ má fi ìka kan án, ẹ má fi kẹ́míkà nù ún. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ fi bébà mímọ́ wé ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ tó kán sára rẹ̀, bó ti gbé ẹrù tó, ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bóyá oòrùn ń pa á, kí ẹ tó gbé e wá fún wa.